Okùn Imú àti Okùn Ìdí: Bí A Ṣe Ń Gbé Káyáàkì Lórí Píkọ́ọ̀pù

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Houston àti àyíká rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú ilé ìdáná, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ òru tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí oorun sì ti ń kún ojú yín, mo bẹ̀ yín, ẹ yá mi létí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, bí ó tilẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ eré lójú ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà? Ọ̀rọ̀ káyáàkì ni, àti bí a ti ń gbé e ka orí píkọ́ọ̀pù láti ilé títí dé etí omi, láìsọ ọ́ di òkò lu ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

Mo mọ̀ pé bàbá kan wà lórí àga níbì kan nísinsìnyí tí ń wí pé, “Kí ló kàn mí nínú eléyìí? Èmi tí mo ti Ìjẹ̀bú wá, tí n kò wẹ odò rí!” Bàbá, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè ibi tí wọ́n ń lọ láàárọ̀ Sátidé. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín kì í bẹ̀rù omi bí àwa. Òmíràn nínú wọn wà lórí odò Buffalo Bayou báyìí, òmíràn ti dorí kọ Galveston, píkọ́ọ̀pù tí wọ́n sì gbé ọkọ̀ omi lé lórí, ẹ̀yin lẹ ra á, orúkọ yín ló wà lórí ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí káyáàkì, ọkọ̀ omi kékeré ni, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó ṣe ṣóńṣó nídìí. Ẹni tí ń wà á yóò jókòó, yóò na ẹsẹ̀ síwájú, yóò sì di àjẹ̀ kan mú tí ó ní abẹ̀bẹ̀ ní orí méjèèjì, kí ó lè fi gbá omi lọ́tùn-ún, kí ó fi gbá omi lósì. Àwọn ènìyàn Inuit, àwọn ará ilẹ̀ òtútù tí ń gbé ní Greenland, ní àríwá Kánádà àti ní Alaska, ni a mọ̀ mọ́ ọn láti ayébáyé. Igi tí omi gbé wá sí èbúté, tàbí egungun àbùùbùtán, ni wọ́n fi ń ṣe egungun ara rẹ̀, awọ ẹran omi ni wọ́n ń nà bò ó, wọn a sì fi ṣọdẹ láàárín yìnyín. Tiwọn fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọdẹ kan ṣoṣo fi lè gbé e kúrò nínú omi. Tiwa òde òní, ike ni púpọ̀ nínú wọn. Èyí tí ó mọ níwọ̀n a máa wọn kílò 20 sí 30, èyí tí àwọn apẹja sì ń jókòó lé lórí lè ju kílò 40 lọ. Ẹrù ni, kì í ṣe ìyẹ́ adìẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti àbúrò ìyàwó mi gbéra láàárọ̀ Sátidé kan, a forí lé Galveston. Káyáàkì kan péré ni a gbé. Mo ti ra káríà, irin méjì tí í dábùú òrùlé ọkọ̀, mo fi ọwọ́ ara mi dè é mọ́ orí píkọ́ọ̀pù, mo gbé káyáàkì lé e, mo sì fi bẹ́líìtì méjì gbà á mọ́ irin náà pinpin. Mo dì í mú, mo mì í. Gbogbo ọkọ̀ ló mì, káyáàkì kò yẹ̀. Inú mi dùn, mo sì ń wo ara mi bí ọ̀gá. Àbúrò ìyàwó mi, ọmọ tí kì í fẹ́ já àgbà ní koro, wá rọra bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní so imú ẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀ ni?” Mo ní, “Èwo ni ti imú? Wọlé kí a máa lọ.”

A bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ 45. Láti Houston ni mo ti ń rí imú káyáàkì náà lókè gíláàsì iwájú, ó nà jáde síwájú bí ẹnu àkùkọ. Nígbà tí a gun afárá gígùn tí ó wọ erékùṣù Galveston, tí omi wà lọ́tùn-ún tí omi wà lósì, atẹ́gùn tí ó ti ń kọjú sí wa tẹ́lẹ̀ yí padà, ó wá ń gbá wa láti ẹ̀gbẹ́. Mo gbọ́ ìró kan, kẹ́ú, bí ìgbà tí ìdérí ìkòkò bá já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Mo gbójú sókè: imú káyáàkì ti gbé sókè. Mo tún gbójú sókè: kò sí imú níbẹ̀ mọ́. Gbàmù! Ó ti balẹ̀ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ìdajì wà nínú, ìdajì wà lóde, ó sì ń jù bí ìrù alángbá.

Ọlọ́run ló kó wa yọ; ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn wa jìnnà. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, tí a rí ibi yà sí, tí ara mi sì dẹ́kun gbígbọ̀n, mo lọ sẹ́yìn lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ó mú mi wá síwájú ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ yìí lónìí: bẹ́líìtì méjèèjì ṣì le pinpin. Wọn kò dẹ̀ rárá. Káyáàkì àti káríà ṣì so mọ́ra wọn bí ọkọ àti aya ọjọ́ ìgbéyàwó. Bẹ́líìtì kò tú, ìdè mi kò tú. Káríà gan-an ló tú kúrò lórí ọkọ̀, tí ó sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Àbúrò ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó kọjú sí omi, ó ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí pé ìdí ọ̀rọ̀ wa nìyí. Mo di ẹrù mọ́ káríà, n kò di ẹrù mọ́ ọkọ̀. Ìdè ọ̀tọ̀ ni ìkíní, ìdè ọ̀tọ̀ ni ìkejì. Bẹ́líìtì àárín ni ó ń so káyáàkì mọ́ irin; okùn imú àti okùn ìdí ni wọ́n ń so káyáàkì mọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí irin bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹrù kò ní bá a lọ.

Ṣé ohun tuntun ni èyí fún ọmọ Yorùbá? Rárá o. Nígbà tí àwọn ìyá wa bá ń pọn ọmọ, ṣé aṣọ ìpọnmọ nìkan ni wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n? Wọn a bẹ̀rẹ̀, wọn a gbé ọmọ sẹ́yìn, wọn a fi aṣọ gbà á láti abẹ́ apá, wọn a ki etí aṣọ náà bọ àyà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó mú ọ̀já, tí wọ́n fi gbá ọmọ nídìí, tí wọ́n sì so ó níwájú. Bí aṣọ bá yọ́ lójú ọjà, tí ìyá sì ń nájà lọ, ọ̀já kò ní jẹ́ kí ọmọ balẹ̀. Orí ọmọ náà ńkọ́? A kúkú mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi tí wọ́n fi ọ̀já pọ̀n dàgbà ni mo gbé káyáàkì gun márosẹ̀ láìní ọ̀já.

Ẹ ó wá bi mí pé, kí ni ó fún atẹ́gùn lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ ti na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé ọkọ̀ rí? Bí ọkọ̀ bá ń sá máìlì 35 ní wákàtí kan, ọwọ́ yín yóò kàn máa jó ni. Bí ó bá di máìlì 70, ẹ ó rò pé ẹnì kan fẹ́ já apá náà lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń tì wá kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń dà. Ẹ gbọ́ o, ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ìdè tí ó tó fún àdúgbò wa lè má tó fún márosẹ̀ rárá, àgàgà lórí afárá, níbi tí kò sí igi, tí kò sí ilé, tí ẹ̀fúùfù láti ojú omi ń rìn bí ọba láàrin ọjà.

Píkọ́ọ̀pù tún ní ìṣòro tirẹ̀ tí ọkọ̀ mìíràn kò ní. Òrùlé rẹ̀ kúrú. Nígbà tí ẹ bá dábùú irin méjì lé òrùlé bẹ́ẹ̀, àárín wọn lè má ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ni káyáàkì tí yóò sùn lé wọn lórí gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 tàbí 12. Ẹ gbé ọ̀pá gígùn ka orí ìka méjì tí ó sún mọ́ra, kí ọmọdé fi ìka kan ti orí rẹ̀, ẹ ó rí i bí yóò ti fì. Bí irin méjèèjì bá ti sún mọ́ra tó, bẹ́ẹ̀ ni okùn imú àti okùn ìdí ṣe di dandan tó.

Àwọn kan máa ń yanjú rẹ̀ báyìí: wọn a fi irin kan sórí òrùlé, wọn a gbé ìkejì dúró lórí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, níbi tí à ń kẹ́rù sí. Ó dára, ó jẹ́ kí àárín irin fẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, mẹkáníìkì kan ló là mí lójú sí i. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, orí, níbi tí awakọ̀ ń jókòó, àti ẹ̀yìn, kì í ṣe ara kan náà. Bí ẹ bá wo àárín wọn, ẹ ó rí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó là wọ́n. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti de orí mọ́ irin ìsàlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti de ẹ̀yìn, nítorí náà bí ọ̀nà bá rí gbágungbàgun, orí a máa yí síhìn-ín, ẹ̀yìn a máa yí sọ́hùn-ún. Bí ẹ bá wá fi ohun líle kan tí kò lè tẹ̀ kan àwọn méjèèjì pọ̀, nǹkan kan níláti kán tàbí kí ó tú. Bẹ́líìtì lè fara dà á díẹ̀. Irin tí a fi nọ́ọ̀tì dè kò lè fara dà á. Ní tèmi o, bí owó bá wà, ẹ jẹ́ kí irin méjèèjì wà lórí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, kí orí ọkọ̀ máa jẹ́ tirẹ̀. Àárín wọn a fẹ̀, ara méjì kò sì ní máa jà lórí ẹrù kan.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gbogbo káríà ni ó ní iye tí ó lè gbé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ó bá a wá, ìwé tí a sábà máa ń sọ nù pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí ẹ bá kílò 75 nínú ìwé náà. Ìwé ọkọ̀ yín pẹ̀lú yóò sọ iye tí òrùlé lè gbà, èyí tí ó bá kéré jù nínú méjèèjì ni òfin yín, ẹ má sì gbàgbé pé káríà fúnra rẹ̀ wà nínú ẹrù òrùlé. Káyáàkì apẹja méjì lè ti kọjá kílò 75 kí ẹ tó ka irin mọ́ ọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a gbé e. Ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ yọ àjẹ̀ àti àga tí ó bá ṣeé yọ, kí wọ́n má baà di ẹyẹ lójú ọ̀nà. Ẹ wá ẹnì kejì. Ẹni méjì ní í gbé e, ọ̀kan nímú, ọ̀kan nídìí, kí ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Bí irin yín kò bá ní ohun tí ó dà bí àwo tí káyáàkì lè sùn sí, ẹ fi fóòmù bo irin, kí ẹ dojú káyáàkì bolẹ̀. Dídojúbolẹ̀ rẹ̀ tún ń dáàbò bò ó bí òjò bá rọ̀, nítorí pé omi kò ní kún inú rẹ̀ kí ó di ẹrù ìlọ́po méjì lórí yín.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Oríṣi méjì ni ẹ ó bá lójà. Ọ̀kan ní ọwọ́ irin tí à ń tì síwá tì sẹ́yìn, tí ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, agbára rẹ̀ pọ̀ bí ti àgbẹ̀. Èkejì ní eyín kékeré kan tí ó ń gé bẹ́líìtì jẹ bí ẹ bá fi ọwọ́ fà á tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti àkọ́kọ́ de igi àti bíríkì, kí ẹ fi èkejì di káyáàkì. Ike ni káyáàkì. Oòrùn Texas a sì máa rọ̀ ọ́ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Bí ẹ bá fi kẹ́kẹ́kẹ́ fún un tán láàárọ̀, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn títí di ọ̀sán, ikùn rẹ̀ yóò wọnú, ọjọ́ tí ẹ bá gbé e sómi, yóò máa yà sápá kan bí ẹni tí ó mu ẹmu yó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹ gba bẹ́líìtì lábẹ́ irin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káyáàkì tímọ́tímọ́, kí ó má lè sún. Bí ẹ bá ń ju bẹ́líìtì sọdá òrùlé, ẹ di apá tí irin wà mú lọ́wọ́, ẹ ju apá aláṣọ. Mo ti rí gíláàsì tí irin bẹ́líìtì fọ́ nígbà tí ọkọ̀ kò tíì kúrò níwájú ilé. Kí ẹ sì lọ́ bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fà á, kò ní máa kùn bí oyin lórí yín láti ilé dé etí òkun.

Ó wá kan ọ̀já wa. Okùn imú, ojú méjì ni kí ó ní: láti imú káyáàkì, kí ó ya sọ́tùn-ún, kí ó ya sósì, kí a so ó mọ́ irin tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ lábẹ́ iwájú, tàbí mọ́ ìkọ́ tí mẹkáníìkì bá dè sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì fún yín. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ike ìbòjú iwájú ọkọ̀ ni a so ó mọ́, nítorí ike yẹn, ẹwà ni, kì í ṣe agbára. Bákan náà ni ti ìdí. Ẹ má fà á jù. Ohun tí a fẹ́ ni kí ó má dẹ̀, kì í ṣe pé kí ó tẹ imú káyáàkì wálẹ̀. Ẹ yẹra fún okùn náílọ̀nù tí í nà bí omi bá kàn án. Kí ẹ sì rí i pé ìgbẹ̀yìn okùn kò wọ́ nílẹ̀: okùn tí táyà bá gbá mú, táyà ni yóò fa káyáàkì fún yín, kò sì mọ ìwọ̀n.

Okùn imú tún ní iṣẹ́ kejì tí n kò mọ̀ kí n tó lò ó. Iwájú yín ni ó wà. Bẹ́líìtì wà lókè, ẹ kò rí i láti ibi ìjókòó yín. Ṣùgbọ́n okùn imú na ara rẹ̀ síwájú gíláàsì, bí nǹkan bá yí padà lókè, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó lè dẹ̀ lápá kan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ bá rí i pé ó dẹ̀, ẹ wá ibi yà sí.

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ rí nǹkan kan, ẹ dúró ní ilé epo àkọ́kọ́ tí ẹ bá kàn, lẹ́yìn máìlì díẹ̀ tí ẹ gbéra. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan ohun gbogbo. Ẹ má mi káyáàkì nìkan bí mo ti ṣe. Ẹ di irin káríà mú, ẹ mì í, ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sún lórí ọkọ̀. Ohun tí n kò yẹ̀ wò lọ́jọ́ kìíní nìyẹn.

Òfin ńkọ́? Ní Texas níbí, bí ẹrù bá yọ sẹ́yìn ọkọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ẹ gbọ́dọ̀ so aṣọ pupa mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ lọ́sàn-án, kí fífẹ̀ àti gígùn aṣọ náà má dín ní ìnṣì 12. Lóru, iná pupa ni. Kí ẹ sì rántí gíga yín. Ẹni tí ó ti ń wa píkọ́ọ̀pù láti ọdún mẹ́wàá, ara rẹ̀ ti mọ gíga ọkọ̀ rẹ̀, ara náà ni yóò sì tàn án jẹ lẹ́nu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé, tí yóò fi gbọ́ gbàù lókè orí rẹ̀.

Bí ẹ bá dé etí omi, okùn imú àti okùn ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹnì kan ti di káyáàkì mú kí ẹnì kejì tó fọwọ́ kan bẹ́líìtì, nítorí pé atẹ́gùn etí òkun kì í dúró kí a múra tán.

Olóòtú ti ń fi ọwọ́ hàn mí lẹ́yìn gíláàsì, àkókò wa ti lọ. Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, bí a bá wà láàyè, a ó sọ̀rọ̀ lórí aṣọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Àbúrò ìyàwó mi ní kí n kí yín. Òun ló ń so okùn imú báyìí ní gbogbo ìgbà tí a bá ń lọ, bí mo bá sún mọ́ ọn, yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé kí a máa lọ.”